Tàìfọ́ọ̀dù adìẹ, tàìfọ́ọ̀dù èèyàn: èwo ló ń gbé inú ẹyin?

Obìnrin kan tó máa ń wá kó ẹyin lọ́dọ̀ mi ti to kíréètì ogún sẹ́yìn ọkọ̀ tán kó tó rántí ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní tàìfọ́ọ̀dù wọ fáàmù kan lọ́nà Ìwó. Ṣé ẹyin adìẹ tó ní tàìfọ́ọ̀dù ò ní fún èèyàn ní tàìfọ́ọ̀dù báyìí?" Mo ní rárá, kò lè fún un. Ó mí kanlẹ̀, ó wọkọ̀, ó lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ ò tíì dé títì tí ìdáhùn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Òótọ́ ni mo sọ o, àmọ́ òótọ́ tó ń fọkàn ẹni balẹ̀ níbi tí kò yẹ ni. Àrùn tó ń bà á lẹ́rù kò lè dé inú abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó lè débẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ, nítorí adìẹ tó bá gbé e lára kì í sábà ṣàìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ báyìí, bó ṣe yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ náà.

Orúkọ ló kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ yìí rú. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Salmonella. Kò bá ẹja salmon tan rárá. Daniel Salmon ni orúkọ dókítà ẹranko ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi sọ ọ́. Ọmọ abẹ́ rẹ̀, Theobald Smith, ló rí kòkòrò náà lára ẹlẹ́dẹ̀ ní 1885, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀gá ló bọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe tuntun.

Ẹbí ńlá ni Salmonella. Oríṣi tí àwọn onímọ̀ ti kà nínú wọn lé ní 2,500. Nínú ẹbí ńlá, a máa ń rí wòlíì, a sì máa ń rí jàgùdà. Bí wọ́n ṣe jọ ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà kò sọ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Mẹ́ta nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí fún ẹni tó ń sin láyà, adìẹ ẹlẹ́yin, àti ẹni tó ń jẹ ẹyin.

Àkọ́kọ́ ni Salmonella Typhi. Òun ló ń fa tàìfọ́ọ̀dù tí gbogbo wa mọ̀, ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ara èèyàn nìkan ló ń gbé. Adìẹ kì í ní in, ewúrẹ́ kì í ní in. Inú omi tí ìgbẹ́ èèyàn ti kàn la ti ń kó o, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó gbé e lára tó wá lọ bu oúnjẹ fúnni. (Nílẹ̀ wa, ibà àti tàìfọ́ọ̀dù ti di Táyé àti Kẹ́hìndé: orí kì í fọ́ èèyàn kó má sọ pé méjèèjì ló ń ṣe òun.)

Èkejì ni Salmonella Gallinarum. Lédè Látìn, "ti àwọn adìẹ" ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí, orúkọ sì ro ó. Adìẹ, tòlótòló àti àwọn ẹyẹ bíi tiwọn ló ń bá jà. Kó tó mú èèyàn, ó ṣòwọ́n gan-an. Òun ni wọ́n ń pè ní tàìfọ́ọ̀dù adìẹ, tí gbogbo olóko ń fi orí kó.

Ẹ̀kẹta ni Salmonella Enteritidis. Èyí ò mọ ààlà. Ó ń gbé inú adìẹ, ó ń gbé inú eku, ó sì ń gbé inú èèyàn. Inú adìẹ ló ti máa ń ṣe jẹ́jẹ́. Inú èèyàn ló ti ń jà. Òun lọ̀rọ̀ ẹyin àti ìlera kàn jù, òun sì ni ìyá ẹlẹ́yin mi ò béèrè.

Ohun tó ń pa láyà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti Gallinarum, nítorí òun ló ń sọ olówó di onígbèsè. Ní 1888 ló pa adìẹ lọ rẹpẹtẹ ní oko kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Edward Klein fi rí i, tó sì ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, ìṣe rẹ̀ kò yí padà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oúnjẹ á ṣẹ́kù sínú ọpọ́n, ẹ ó rò pé ooru ni. Lọ́jọ́ kejì, àwọn kan á ká ọrùn sára, wọ́n á fẹ́ ìyẹ́ bíi pé òtútù ń mú wọn. Ogbe wọn tó pupa fòò tẹ́lẹ̀ á wá ṣì bí ẹran tí wọ́n ti fi omi ṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nù. Wọ́n á máa yàgbẹ́ olómi, àwọ̀ ewé pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè, á sì lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ìdí wọn. Ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ìgbà yẹn lòkú á bẹ̀rẹ̀: mẹ́ta lónìí, márùn-ún lọ́la, mẹ́jọ lọ́tùn-únla. Àrùn Newcastle, tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú, máa ń gbá agbo adìẹ lọ bí omíyalé. Tàìfọ́ọ̀dù kì í kánjú. Ṣe ló ń ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa àgbàdo, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí olóko á fi bẹ̀rù láti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀.

Ohun tó máa ń ya ẹni tuntun lẹ́nu ni pé adìẹ tó kú náà lẹ́ran lára. Kò rù rárá. Bí fẹ́ẹ̀tì, dókítà ẹranko, bá la inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò: á ti wú, á sì ti ní àwọ̀ idẹ tó ń fà sí ewé díẹ̀, pàápàá tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i. Àwọn ẹyin kéékèèké tó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tó yẹ kó rí róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀ wúrà, á ti hunjọ, omíràn á ti ṣú dúdú. Ẹ̀dọ̀ aláwọ̀ idẹ yìí lè mú kí fẹ́ẹ̀tì fura, àmọ́ kò tó láti dájọ́. Àfi tí ilé àyẹ̀wò bá mú kòkòrò náà fúnra rẹ̀ jáde lára òkú. Láyà aláwọ̀ ilẹ̀ tí a ń sìn jù nílẹ̀ wa, ISA Brown àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tún máa ń tètè fara gbá a ju láyà funfun lọ.

Báwo ló ṣe ń wọlé? Ọ̀nà kan wà tí kì í tètè wá síni lọ́kàn: inú ẹyin. Ìyá adìẹ tó ní àrùn náà, tàbí tó ti ní in tó sì là á já, lè máa gbé kòkòrò náà sínú ẹyin tó ń yé. Bí irú ẹyin bẹ́ẹ̀ bá dé háṣárì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá adìẹ sàba, ọmọ tó máa jáde níbẹ̀ á ti gbé àrùn wáyé, inú ẹ̀rọ náà ni á sì ti kó o ran àwọn tí wọ́n jọ pa. Olóko á ra ọmọ ọjọ́ kan, á gbé e délé pẹ̀lú ayọ̀, kò mọ̀ pé òun ti ra àgbákò mọ́ ọn.

Àrùn mìíràn tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, pullorum, ọ̀nà kan náà ló ń gbà, àwọn ọmọ adìẹ ló sì ń pa jù, pẹ̀lú ìgbẹ́ funfun tó máa ń dí ìdí wọn pa. Lórí èyí ni mo ti fẹ́ràn ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe. Ní 1935 ni wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà: kí ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá adìẹ tí háṣárì ń gba ẹyin lọ́wọ́ wọn máa lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí àwo, ẹ̀kán omi àyẹ̀wò aláwọ̀ kan lé e lórí, kí wọ́n rọra pò ó. Bó bá ṣù wọ́nwọ́n, adìẹ yẹn ti kó o rí, ó gbọ́dọ̀ kúrò láàárín àwọn yòókù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn lọ́dọọdún títí pullorum àti tàìfọ́ọ̀dù adìẹ fi kúrò nínú àwọn fáàmù ńláńlá wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe irú rẹ̀. Kì í ṣe oògùn inú omi ni wọ́n fi lé e lọ. Lójú tèmi, tí a bá ń kó ìdajì owó tí a ń ná sórí ìgò oògùn lọ́dún lé àyẹ̀wò ìyá adìẹ lórí, tí àwa tó ń ra ọmọ ọjọ́ kan sì ń béèrè ìwé àyẹ̀wò náà ká tó sanwó, à bá ti sinmi díẹ̀.

Àwọn ọ̀nà yòókù kò ṣàjèjì. Eku tó ń ti inú ilé adìẹ kan bọ́ sí èkejì. Àwọn kòkòrò pupa wínníwínní tí wọ́n ń fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kéèjì lọ́sàn-án, tí wọ́n á sì jáde wá mu ẹ̀jẹ̀ adìẹ lóru. Òkú adìẹ tí òṣìṣẹ́ sọ sínú igbó lẹ́yìn ilé, tí ajá fà padà. Bàtà. Àti kíréètì onípépà, èyí tí ìyá ẹlẹ́yin ń kó láti oko kan sí òmíràn, tí ìgbẹ́ adìẹ oko mẹ́rin ti gbẹ mọ́ lára. Mo sọ èyí fún un nígbà tó yá, ó bínú díẹ̀, ó ní ṣé òun ni mo wá ń pè ní Sàlìmónẹ́là. Àmọ́ láti ìgbà náà, ẹnu géètì ni kíréètì rẹ̀ ń dúró sí, tiwa la fi ń kó ẹyin jáde.

Ìgò oògùn

Tí òkú bá ti pé mẹ́ta, ohun tó kàn tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni ká sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn adìẹ, ká ní "Ẹ fún mi ní èyí tó lágbára." A ó dà á sómi. Ikú á dínkù. A ó dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún dé, a ó sì máa ṣépè fún oníṣọ́ọ̀bù pé ayédèrú ló tà fún wa.

Ayédèrú oògùn wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ló máa ń fa ìyẹn. Kòkòrò yìí mọ bó ṣe ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara adìẹ lọ sá pamọ́. Oògùn á pa èyí tó bá bá níta, èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ á dúró de ọjọ́ tí omi oògùn bá tán. Adìẹ tó là á já á di agbódegbà: ó ń jẹun, ó ń yé ẹyin, ogbe rẹ̀ tún ti pupa, síbẹ̀ ó ń fi ìgbẹ́ rẹ̀ pín àrùn fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oògùn lè dín òkú kù. Kò lè sọ agbo náà di mímọ́. Ẹni tó bá lóye gbólóhùn méjì yìí ti lóye ìdajì wàhálà tàìfọ́ọ̀dù adìẹ.

Ìdajì kejì ni pé oògùn tó bá wọ adìẹ máa ń wọ ẹyin. Ẹ wo bí adìẹ ṣe ń ṣe ẹyin. Èèpo àti funfun ẹyin kò gbà ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ. Pupa rẹ̀ ńkọ́? Ó ti ń gba ọ̀rá àti ohun aṣaralóore láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá kó tó já bọ́, ìpele kan lórí òmíràn bí ìpele àlùbọ́sà. Ohunkóhun tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn lè bá wọn wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá da oògùn nù lónìí, ẹyin tí adìẹ náà máa yé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣì lè ní oògùn nínú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dúró sára páálí oògùn, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ sára àwọn mìíràn pé kí a má fún adìẹ tó ń yé rárá. Chloramphenicol, tí wọ́n ń fi tọ́jú tàìfọ́ọ̀dù èèyàn láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fòfin dè é fún ẹranko tí a ó jẹ, torí pé lára àwọn èèyàn kan, ó lè ba ibi tí egungun ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ti tó láti dá a sílẹ̀.

Ta ló ń da ẹyin ọjọ́ mẹ́wàá nù? Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Olóko tó ti pàdánù igba adìẹ kò ní ya ẹyin tó kù sọ́tọ̀ àfi tí nǹkan kan bá fipá mú un. Mi ò sọ ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni. Bí ìṣirò náà ṣe rí lójú ẹni tó jẹ báǹkì lówó nìyẹn. Òun náà ló jẹ́ kí n máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ tèmi pé kí wọ́n gbé òkú adìẹ méjì tàbí mẹ́ta tí kò tíì jẹrà lọ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó ra oògùn. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta. Wọ́n á gbin kòkòrò náà, wọ́n á fi oríṣiríṣi oògùn dán an wò, wọ́n á sọ èyí tó ṣì ń bẹ̀rù. Owó àyẹ̀wò náà kì í tó ti ìgò méjì tí kò ní ṣiṣẹ́.

Àjẹsára ńkọ́? Ó wà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní 9R, láti 1956 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom, nítòsí Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe àjẹsára tàìfọ́ọ̀dù adìẹ pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi fún wọn, nígbà tí adìẹ bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á sì tún un gún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ohun tí mo ti rí tí àwọn èèyàn fi ń ba tiwọn jẹ́ ni èyí: àjẹsára yìí, bakitéríà tó wà láàyè ni, èyí tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gún adìẹ lábẹ́rẹ́ láàárọ̀, tí ẹ wá da oògùn apakòkòrò sínú omi wọn lálẹ́ "kí ara má bàa ni wọ́n", ẹ ti fi owó ara yín pa àjẹsára tí ẹ fi owó ara yín rà.

Èyí tó ń dákẹ́

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. (Adìẹ kì í làágùn rárá, kò ní ibi tí òógùn ń gbà jáde lára, ẹnu ló máa ń là sílẹ̀ tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ooru bá mú un. Àmọ́ òwe náà ò ṣẹ̀ nípa Enteritidis.) Láyà tó gbé Enteritidis lára lè máa yé ẹyin lójoojúmọ́, kó máa jẹun, kó máa kígbe bí àwọn yòókù. Kò sí òkú láàárọ̀, kò sí ogbe tó ṣì. Kòkòrò náà ti wà ní ilé-ẹyin rẹ̀, ó sì ń wọ inú funfun tàbí ara awọ pupa ẹyin kí èèpo tó bò ó. Ẹyin náà á mọ́ tónítóní lóde, á dán, kò ní sán. Kò sí ojú tó lè rí i, kò sí imú tó lè gbóòórùn rẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ di ariwo ńlá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1988, Edwina Currie, mínísítà kékeré ní ilé-iṣẹ́ ìlera, sọ fún àwọn oníròyìn pé ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ jù lọ ẹyin tí wọ́n ń pèsè nílẹ̀ náà ló ti kó salmonella. Ọjà ẹyin dojú dé. Àwọn olóko fárí gá. Kí oṣù náà tó parí, ní ọjọ́ 16, ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ohun tó sọ kọjá ààlà lóòótọ́, nítorí kì í ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ ẹyin. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń ṣàìsàn. Ọdún 1998 ni àwọn olóko náà fúnra wọn wá gbé ètò kan kalẹ̀: gbogbo láyà tó bá wà nínú ẹgbẹ́ wọn gbọ́dọ̀ gba àjẹsára Salmonella, ẹyin rẹ̀ á sì gba òǹtẹ̀ kìnnìún pupa. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham àti Woolwich ní London mọ òǹtẹ̀ yẹn dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Àìsàn náà lọ sílẹ̀ gan-an débi pé ní 2017, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ níbẹ̀ sọ pé aboyún, ọmọdé àti arúgbó lè jẹ ẹyin olóǹtẹ̀ kìnnìún láìjẹ́ pé ó jinná tán. Ó tó bí ogún ọdún kí àjẹsára adìẹ tó dé orí tábìlì aboyún.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà tiwọn. Wọ́n ń fọ ẹyin, wọ́n sì fòfin mú kí ó wà nínú òtútù títí dé ilé ìtajà. Síbẹ̀, ní 2010, ẹyin tó lé ní 500 mílíọ̀nù ni wọ́n ní kí àwọn èèyàn dá padà nítorí Enteritidis, láti oko méjì péré ní ìpínlẹ̀ Iowa.

Kí ẹ̀rù má bà yín jù: àwọn tó ṣírò rẹ̀ fún Amẹ́ríkà sọ pé bí ẹyin kan nínú 20,000 ló ń ní kòkòrò yìí nínú. Iye tó ń wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n yé ẹyin pàápàá kéré púpọ̀, kò tó nǹkan. Funfun ẹyin ò sì jẹ́ kó gbèrú, nítorí kò sí irin tí kòkòrò máa jẹ níbẹ̀, àwọn ohun tó ń pa kòkòrò sì wà nínú rẹ̀. Pupa ẹyin ni oúnjẹ wà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló pààlà sáàárín méjèèjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń le nìyí: bí ẹyin bá ń dàgbà, awọ yẹn á máa rọ̀, kòkòrò á sì ráyè dé ibi oúnjẹ náà. Bí ooru bá mú un, á tètè rọ̀. Ẹyin tó jókòó sínú òjìji tútù fún ọjọ́ mẹ́ta àti èyí tó jókòó lórí àga níta ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe ẹyin kan náà mọ́, bí ọjọ́ kan náà tilẹ̀ ni wọ́n yé wọn.

Ọ̀rọ̀ fífọ ẹyin náà ń da àwọn èèyàn láàmú. Èèpo ẹyin ní ihò wínníwínní lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí atẹ́gùn ń gbà, adìẹ sì fi nǹkan bí awọ tín-ín-rín kan dí wọn. Ara adìẹ gbóná tó bí 41°C. Bí ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bá wọ omi tútù, ohun inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi ìdọ̀tí náà wọ inú ihò yẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ àti omi gbígbóná ṣe tiwọn, wọ́n sì gbé e sínú òtútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Báálì omi kànga tí gbogbo ẹyin ń wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kì í ṣe irú fífọ bẹ́ẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá wà lára ẹyin, ẹ fi nǹkan gbígbẹ nù ún, tàbí kí ẹ fọ̀ ọ́ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ó wọ ìkòkò.

Wọ́n tún máa ń bi mí nípa gbígbé ẹyin sínú omi láti mọ̀ bóyá ó dára. Ọjọ́ orí ẹyin ni omi ń sọ fún yín. Tó bá rì, ó jẹ́ tuntun. Tó bá léfòó, atẹ́gùn ti pọ̀ nínú rẹ̀, ó ti pẹ́. Ẹyin tó ní Enteritidis á rì wọlé bí òkúta bí wọ́n bá yé e lánàá.

Orúkọ mìíràn wà tó ń tan èèyàn jẹ bíi ti tàìfọ́ọ̀dù: kọ́lẹ́rà adìẹ. Òun náà kò bá kọ́lẹ́rà èèyàn tan, bakitéríà mìíràn tó ń jẹ́ Pasteurella multocida ló ń fà á. Láyà tó sanra tó sì ń yé dáadáa ló máa ń kọlù lójijì, awọ abẹ́ àgbọ̀n àwọn tó bá pẹ́ sí i á sì wú. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí ìtàn inú rẹ̀: òun ni Louis Pasteur ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní 1879 nígbà tó rí i pé kòkòrò tó ti pẹ́ nínú ìgò kò lè pa adìẹ mọ́, àmọ́ ó ń dáàbò bò ó. Ìyẹn ni àjẹsára àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò, kí Pasteur tó ṣe ti digbólugi. Ara adìẹ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìyá ẹlẹ́yin tún padà wá, mo fi í jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, èyí tó dára àti èyí tó kù. Mo ní ẹyin tó bá jinná dénú kò léwu, nítorí Salmonella kì í la 71°C já. Ẹyin bíbọ̀ tí pupa rẹ̀ ti le, ẹyin dídín tí kò ṣàn mọ́, kò sí wàhálà. Ẹyin tútù tí àwọn kan ń pò mọ́ mílíkì àti mọ́ọ̀tì fún agbára, èyí tí àwọn akọrin ń gbé mì kí ohùn wọn lè dá ṣáká, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ó gbọ́, ó mi orí.

Ó ní, "Àwọn tó sán ńkọ́, Bọ̀dá? Àwọn tó ń ṣe kéèkì ni mo máa ń tà á fún lẹ́dìn-ín, èmi náà sì ń fi ṣe é nílé."

Mo ní tó bá jẹ́ òní ló sán, tí wọ́n sì lò ó lónìí, ààrò á bójú tó o. Èyí tó ti sán láti ìjẹta, kí wọ́n dà á nù. Ṣùgbọ́n abọ́ tí wọ́n fi po ìyẹ̀fun àti ẹyin náà, kí ẹnikẹ́ni má lá a, kò tíì wọ ààrò.

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè. Àbígbẹ̀yìn mi ló ń lá abọ́ yẹn o, ìjà ló máa ń dì tí wọn ò bá fún un."